Méje Bí Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lálẹ́.
Iṣẹ́ tèmi kò ju tẹlifóònù mẹ́ta, ìwé kan, bírò kan,
nínú yàrá tóóró kan ní Yábàá
tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn.
Èmi kì í ṣe dókítà.
Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ kò ju pé ó pupa.
Ẹni tó mọ ẹni tó mọ̀ ni mí.

Ohùn Ìbídùn já wọlé láti Ìsàlẹ̀ Èkó:
“Bẹ́ẹ̀dì kẹta. Ó ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá.
O nẹ́gétíìfù. Àpò mé—”
Ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé ìyókù mì.

Méjì ni, àbí méje?
Ìró kékeré ló là wọ́n láàrin,
ìró tó tó fi sin ènìyàn.
Lọ́dún tó kọjá mo gbọ́ méjì, mo kọ méjì,
mo sì lọ sùn fọnfọn.
Láti ìgbà náà ni mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri:
KÍ ẸNI TÓ GBỌ́ TÚN UN SỌ FÚN ẸNI TÓ WÍ.

“Tún un wí, Ìbídùn. Méjì bí ìbejì?”
“Rárá o! Méje. Bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀.”
“Méje, bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Mo gbọ́.”

Kúyẹ̀ ṣí fíríìjì ẹ̀jẹ̀: márùn-ún péré.
Kò pariwo, kò bẹ̀bẹ̀.
“Méjì wà ní Ìdí-Àràbà. Mo bi wọ́n lánàá, mo sì kọ ọ́.”
Ohun tó kọ lánàá ló sáré ṣáájú wa lónìí.

Táńkà kan ti dùbúlẹ̀ gbalaja lórí afárá gígùn.
Mo pe Húnsù ní Màkókó.
Húnsù kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ń ka omi:
“Má jẹ́ kí wọ́n gba èbúté tí ẹ máa ń gbà.
Òjò ọ̀sán ti tú gẹdú sílẹ̀ ní Oko Bàbá,
wọ́n ń léfòó kiri bí ọ̀nì tó sùn.
Ojú oró náà ti dí ẹnu ọ̀nà.”
Ojú oró tí a fi ń súre pé ká lékè,
lálẹ́ yìí, ọrùn ẹ́ńjìnnì ló ń wá.
“Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ni kí wọ́n ti bá mi.”
“Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja,” mo tún un sọ.
“Òun náà ni.”

Mọ́jídì fi ọ̀kadà gbé méjì láti Ìdí-Àràbà,
yìnyín ń kán sí i lẹ́yìn.
Kò mọ Húnsù. Húnsù kò mọ Kúyẹ̀.
Bí wọ́n bá pàdé níbi ìsìnkú,
wọ́n á kọjá lára ara wọn láìkíra.
Ohùn mi tó ti há yìí nìkan lókùn tó so wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ibi tó le jù: ìdákẹ́jẹ́.
Ọwọ́ ń yún mi kí n pe Húnsù,
kí n bi í pé ó dé ibo.
N kò pè é.
Ẹni tó ń yẹ̀ fún gẹdú nínú òkùnkùn
kò ní ọwọ́ kẹta fún ìbéèrè ojo.
Mo ṣí ìwé dípò bẹ́ẹ̀, mo kọ ọ́
fún ẹnikẹ́ni tí yóò jókòó síbí lọ́la:
Gẹdú máa ń tú lẹ́yìn òjò. Gba ẹ̀yìn ibi ìyan-ẹja. Húnsù ló wí.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.
“Méje dé. Wọ́n ṣì tutù.”
“Méje dé, wọ́n ṣì—”
Ó ti gé fóònù kí n tó parí.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ó tún pè.
Mo ti di bírò mú.
“Bẹ́ẹ̀dì kẹta,” ó ní. Ó dákẹ́ díẹ̀.
“Ó ń bínú. Ó ní tíì wa kò ní ṣúgà.”

Mo wo ara ògiri.
“Tíì kò ní ṣúgà,” mo ní. “Mo gbọ́.”